Ta Ló Wí fún Jean-Baptiste?

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn ilé, kó máa bọ̀ níwájú. Ẹni tó ń fọ abọ́, kó nu ọwọ́ sí ìró kó wá jókòó. Ẹ jókòó tì mí kí n lè rí ojú yín, nítorí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò tíì gbó rárá. Ẹ jẹ́ kí n fi orin kékeré kan la ọ̀nà ọ̀fun ná:

Ẹ sún mọ́ mi o, ẹ gbé ẹní wá,
Oòrùn ti rọ̀, ọ̀rọ̀ kò rọ̀.
Ẹni ẹsẹ̀ ń dùn, ẹ fún un láyè,
Obìnrin kan ló rìn títí, tó rẹ̀ ẹ́ o.

Ẹ ṣeun, ohùn yín dára. Ó yá, ẹ gbọ́.

Priscille dùbúlẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀, orí ní apá kan, ẹsẹ̀ ní apá kejì, ó sì fa ìró bojú bí òkú. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Jean-Baptiste, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí ilé Tọ́ládé, dúró nínú yàrá, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, kò sì lè jáde. Ní ilé wọn, èèyàn kì í gbé ẹsẹ̀ rékọjá lórí ẹni tó dùbúlẹ̀.

“Dìde níbẹ̀.”

“Ẹ gbà kí n fẹ́ Ulrich, màá dìde.”

“Priscille, mo fẹ́ lọ sẹ́yìn ilé!”

“Fèrèsé wà, bàbá.”

Gbémisọ́lá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ààrò, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò fẹ́ ẹ̀rín. Òun ni àbúrò Jean-Baptiste. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kútọ̀nú, òun sì ti padà sí ilé bàbá rẹ̀, níbi tí iṣẹ́ tí ẹlòmíì kò fẹ́ ti di tirẹ̀. Ẹkún Priscille kò jẹ́ kó sùn. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń ro ó. Kò tíì ṣe nǹkan kan, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn ará ilé Ulrich ń bọ̀ láti Bessé wá gbọ́ èsì. Wọ́n ti wá tọrọ Priscille, Jean-Baptiste sì ti sọ nínú ilé pé rárá ni òun máa dá wọn lóhùn. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọmọ náà. Ulrich ń tún mọ́tò ṣe, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mọ èèyàn kí. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ilé Tọ́ládé àti ilé àwọn Ulrich, ẹ̀jẹ̀ kan kì í sì í fẹ́ ara wọn. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Bessé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n wá bẹ̀ fún ni pé ṣé ẹ̀jẹ̀ náà kò tíì jìnnà tó láti gbójú fò ó dá.

“Tàǹtí,” Priscille pè láti abẹ́ ìró, “ẹ bá mi bi bàbá, ta ló rí i pé ìyá kan ló bí wa?”

Gbémisọ́lá fi ọwọ́ ti ògiri, ó dìde. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tó ń bi.”

“Kí ló wà ńbẹ̀ tó ń bi? Bí èèyàn wa bá kú, ṣé kì í ṣe àwọn ará Bessé ló ń da ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sí i? Bí tiwọn bá kú, ṣé kì í ṣe àwa ni?”

“Àwa ni.”

“Ta ló ń da erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sí òkú?”

“Ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.”

“Ó tán.”

“Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń dà á sí tiwa?”

“Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kan ni wá!”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kan ni wá?”

“Nítorí pé wọ́n ń da erùpẹ̀ sí—” Jean-Baptiste dákẹ́. Ó yí ẹsẹ̀ padà. “Lùkúmọ́nù ló sọ fún mi nígbà tí mo ti Kútọ̀nú dé. Lọ bá a ní Adido kó sọ fún ìwọ náà. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, jọ̀ọ́, gbé ọmọ yìí kúrò lọ́nà kí n má baà tọ̀ sára.”

Priscille yọ ojú kan láti inú ìró. “Tàǹtí, ṣé ẹ máa bi í dé ìsàlẹ̀?”

“Màá bi í dé ìsàlẹ̀.”

Ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń dá ọmọ tó ń sunkún lóhùn, kó ṣáà lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n Priscille dìde, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn, Gbémisọ́lá sì rí i pé òun ti ṣe ìlérí. Bàbá náà gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá fìrì. 

Ọkùnrin onízémijàn kan tó ń jẹ́ Romuald ló fi alùpùpù rẹ̀ gbé Gbémisọ́lá lọ sí Adido. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ilẹ̀, eruku ń dìde lẹ́yìn wọn, àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ sì dúró nínú kùrukùru bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n kí òun.

“Màmá, ẹ dì mí mú dáadáa o. Ṣùgbọ́n ẹ má dì mí mú jù, ìyàwó mi máa ń lọ ọjà lọ́nà yìí.”

“Máa wo iwájú rẹ. Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ gba ọkọ ọlọ́kọ, ṣé èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń rùn fún epo mọ́tò ni mo máa gbà?”

Romuald rẹ́rìn-ín títí mọ́tò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ igbó, Gbémisọ́lá náà bá a rẹ́rìn-ín. Ibi tí Gbémisọ́lá ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nìyẹn fún ìgbà pípẹ́.

Lùkúmọ́nù, ọmọ àbúrò bàbá wọn, wà lábẹ́ igi kajú, ó ń yí kóró kúrò ní ìdí èso, omi kajú sì ti mú ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Ó dá iṣẹ́ dúró, ó bu omi fún un. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tó bá wá, ó mi orí bí ẹni tí wọ́n bi léèrè bóyá omi máa ń tutù.

“Gbémisọ́lá, èyí náà le? Wọ́n ń da erùpẹ̀ sí òkú wa. Ìyẹn jẹ́ ọ̀kan. Ilé wa kì í jẹ òkété, ilé tiwọn náà kì í jẹ ẹ́. Bí a bá pàdé lọ́nà, wọn kì í kí wa bí àlejò, ‘ọmọ ìyá mi’ ni wọ́n ń pè wá. Wá wo pòròpórò tí mo kó jọ sẹ́yìn ilé yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo kò lè dúró. Mo fi wọ́n ti ara wọn, ọyẹ́ ń fẹ́, ṣé o rí i kó ṣubú?”

“Kò ṣubú, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi pòròpórò yìí pé kí ló gbé e ró, ó ní kí n bi èkejì. Ilẹ̀ tí gbogbo wọn dúró lé ni mò ń wá.”

“Kí lo fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n ti dúró?”

“Priscille ni wọ́n fẹ́ wó lé, ẹ̀gbọ́n.”

Lùkúmọ́nù họ orí. Ó ní bó bá jẹ́ ẹni tó sọ ọ́ fún òun ni ó ń wá, Màmá Élisabeth ni, ìyàwó kékeré bàbá òun tó wà ní Boni. Òun ló jókòó ti òun, tó ṣàlàyé ẹ fún òun. Ó di kajú díẹ̀ sínú ọ̀rá fún Gbémisọ́lá, ó ní kó bá òun kí wọn.

Oòrùn ti mú nígbà tí wọ́n fi dé Boni. Gbémisọ́lá sọ̀ kalẹ̀ lórí mọ́tò, orúnkún rẹ̀ kọ̀, ó sì ní láti di ejìká Romuald mú kó tó lè na ara. Màmá Élisabeth jókòó sí abẹ́ àtíbàbà, ó ń pa ẹ̀pà, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ wà lọ́rùn. Ó ti darúgbó débi pé ó ń dárúkọ àwọn òkú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí oko.

“Ta ló sọ fún yín, Màmá, pé ẹ̀jẹ̀ kan ni àwa àti àwọn ará Bessé?”

“Ta ló sọ fún mi kẹ̀? Ìyàwó ni mo jẹ́ nílé yín, kí ni mo mọ̀? Ọjọ́ tí a ń sin ọkọ mi, àwọn ará Bessé kọ́kọ́ da erùpẹ̀, mo ní, ‘Ta ni ìwọ̀nyí?’ Ẹ̀gbọ́n rẹ ló dúró tì mí, ó ní, ‘Ẹ̀jẹ̀ wa ni, Màmá.’”

“Ẹ̀gbọ́n mi wo?”

“Mélòó lo ní? Jean-Baptiste!”

Gbémisọ́lá wo ilẹ̀, ó ń wá ibi tó máa jókòó, nígbà tí kò rí àga, ó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ náà. Ẹ bá mi gbé e, ẹ̀yin tó lóhùn, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí bí òòyì nìyí:

Ta ló wí fún ọ? Lámọrín ni o.
Ta ló wí fún Lámọrín? Làkásègbè ni.
Ta ló wí fún Làkásègbè? Ṣe sùúrù ná,
Ìwọ náà ni o! Ìwọ náà ni!

Ẹ rọra, ẹ má fọ́ mi létí. Gbémisọ́lá kò kọrin ní tirẹ̀. Ó rò ó pé òun máa rẹ́rìn-ín, omi ló lé sí i lójú. Àárọ̀ kùtùkùtù ló ti jáde, ó ti jẹ eruku Adido, ó ti jẹ eruku Boni, ọ̀nà náà sì ti gbé e padà sí ẹnu ọ̀nà yàrá tó ti gbéra. Irọ́ kọ́ ni ẹnikẹ́ni nínú wọn pa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gbàgbé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un ni. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ká ní ẹnì kan purọ́ ni, ì bá rí ẹni tó máa bá jà.

Màmá Élisabeth po gààrí fún un, ó da ẹ̀pà lé e lórí. Ó wò ó bó ti ń jẹ.

“Ìwọ ọmọ yìí, ó ti rẹ̀ ọ́. Padà sílé.”

“Mo ti ṣèlérí, Màmá.”

“Ó dáa. Awawou, àgbà ilé àwọn Ulrich, nìkan ló kù. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ilé ní Bessé, ó sì ti padà sínú ilé náà látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó ń mí tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀.” Ó ju èèpo ẹ̀pà nù. “Mo ti jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí ọjọ́ ti pẹ́, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn. Bí o bá lọ fà á yọ kúrò lábẹ́ mi, wá ibòmíì fún mi jókòó.”

Ní Bessé, Ulrich ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti epo mọ́tò lọ́wọ́. “Tàǹtí, ṣé wọ́n ti gbà?” Gbémisọ́lá sọ̀ kalẹ̀ lórí mọ́tò. Ó ní kó mú òun lọ bá Màmá Awawou.

Awawou wà lórí ẹní rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Kò ju egungun àti ìbòrí funfun lọ mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Ó ní kí Ulrich lọ wá omi fún àlejò, kó má sì tètè dé. Nígbà tí ó ku àwọn méjèèjì, ó ní:

“Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan máa wá. Kí lo fẹ́ kí n sọ? Pé a jẹ́ ọ̀kan, tàbí pé a kì í ṣe ọ̀kan?”

“Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ, Màmá. Ohun tí mo fẹ́ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó ti rẹ̀ mí.”

 Adìẹ kan gba iwájú wọn kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

“Ebi ló lé wa,” ló wí. “Òdìkejì odò Ọ̀párà la ti wá, bàbá mi, ìyá mi, èmi. Ọmọ kékeré ni mí. Nígbà náà, ilẹ̀ oko tó wà níhìn-ín, ọmọ onílé nìkan ni àwọn àgbà ń pín in fún. Tọ́ládé, bàbá bàbá rẹ, ló rí wa lọ́nà, ó mú wa jókòó sídìí iná, ó fún wa ní iṣu sísun. Ibi tí mo ti ń jẹ ẹ́ ni àwọn àgbà ti dé. Wọ́n ní, ‘Tọ́ládé, ta ni ọkùnrin yìí?’ Ó wo bàbá mi. Ó wo èmi. Ó ní, ‘Àbúrò mi ni. Ìyá kan ló bí wa.’ Iṣu náà gbóná, ó jó mi ní àjà ẹnu, mo fẹ́ ké, ìyá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu kí ẹkún mi má baà ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ìyá tó bí bàbá mi kò sọdá odò yẹn rí.”

“Ta ló tún gbọ́ ọ?”

“Gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ ti wà nínú ilẹ̀. Tiyín àti tiwa ló jọ da erùpẹ̀ sí wọn.”

“Òkété tí ẹ kì í jẹ ńkọ́?”

Ẹ̀rín yọ lójú ìyá àgbà náà, ó sì dà bí ọmọdé. “Ha! Bàbá mi fẹ́ràn òkété ju ìyàwó lọ. Láti ọjọ́ iṣu yẹn, kò fẹnu kàn án mọ́. Ìyá mi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní, ‘Jẹ ẹ́ jàre, kò sẹ́ni tó ń wò ọ́.’ Bàbá mi a ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ ẹ́.’ Ọjọ́ tí Tọ́ládé kú, bàbá mi ló kọ́kọ́ dé etí kòtò. Ó bu erùpẹ̀, ó dà á. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n ní, ‘Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni lóòótọ́.’”

Gbémisọ́lá fi ọwọ́ gbá orúnkún rẹ̀ mú. Ó bi í ní ohun tó kù láti bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì í láti bi í. “Ọmọ kékeré ni yín nígbà náà, Màmá. Ṣé ó dá yín lójú?”

Awawou ya ẹnu, ó fi ìka kan àjà ẹnu rẹ̀. “Ibí ló ti jó mi. Bí o bá ní n kò rí i, lọ wá ẹlòmíì tó máa sọ fún ọ bóyá ó jó mi tàbí kò jó mi.”

Kò sí ẹlòmíì. Gbémisọ́lá mọ̀ pé òun ti dé ìsàlẹ̀. Ó rò pé ara máa tu òun bí òun bá débẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ fún Ulrich? Ẹ rí bí ìyà ṣe ń jẹ ọmọ náà.”

“Mo gbé e sẹ́nu, mo tún gbé e mì.” Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Gbémisọ́lá, ọjọ́ mi kò jìnnà mọ́. Bí mo bá sọ ọ́, lọ́jọ́ náà, ta ni nínú yín tó máa bu erùpẹ̀? Àbí ẹ máa dúró lókèèrè, ẹ máa wo kòtò mi bí ẹni tó ń kọjá lọ?”

Gbémisọ́lá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tí eruku bò. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá òun. Awawou yìí ló da erùpẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí gbogbo èèyàn tú ká tán, òun náà ló fọ eruku kúrò ní ẹsẹ̀ Gbémisọ́lá, tó tẹ́ ẹní tì í, tó sì ń sùn tì í títí ẹkún fi gbẹ. Ta ni ó wá jẹ́ nígbà yẹn?

“Ṣé o máa sọ ọ́?” Awawou bi í.

“Màá sọ ọ́, Màmá. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.”

“Gbé mi dìde nígbà náà. Èmi náà á wà níbẹ̀. N kì í ṣe òkú tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.”

Romuald gbé àwọn méjèèjì. Awawou wà láàárín, Gbémisọ́lá wà lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ. Kò wúwo rárá. Gbogbo ọ̀nà ni ó ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Romuald pàápàá kò ṣe àwàdà.

Nígbà tí wọ́n dé ilé Tọ́ládé, Régis, bàbá Ulrich, ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ dé, wọ́n ti jókòó sí àgbàlá. Ẹnu yà wọ́n nígbà tí wọ́n rí ìyá wọn tó ń sọ̀ lórí mọ́tò. Jean-Baptiste fún un ní àga tirẹ̀. Priscille dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di ìgbákọ mú bí ẹni tó fẹ́ jà. Ó wo ojú Tàǹtí rẹ̀, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀ àfi àárẹ̀.

Gbémisọ́lá kò jókòó. Ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó, òun kò ní lè dìde mọ́. Ó sọ bó ṣe lọ àti ẹni tó rán an sí ẹnì kejì, títí tí ọ̀rọ̀ fi yí padà sórí Jean-Baptiste. Àwọn kan rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó wá sọ ti iṣu sísun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Régis wo ìyá àgbà náà.

“Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Jean-Baptiste fa ìmí. Ó nira fún un, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. “Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ kan ni wá. Òkété ní ẹ̀jẹ̀ kan ni wá. Ìkíni wa àti gbogbo ohun tí a jọ ń ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ṣé kí n wá da gbogbo rẹ̀ nù nítorí iṣu tó jó ọmọ kékeré lẹ́nu?”

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Gbémisọ́lá wí, “gbogbo ohun tí ẹ kà yẹn, mo bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi tó ti wá. Kò sí èyí tí kò rán mi lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Ìyá yìí nìkan ni kò rán mi níbì kankan.”

 Jean-Baptiste fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ oko wọn ńkọ́?”

“Ẹni tó fún wọn mọ ẹni tó ń fún.”

“Erùpẹ̀ ńkọ́?” Ohùn rẹ̀ kò le mọ́. Ó dà bí ẹni tó ń bẹ̀ pé kí wọ́n sọ nǹkan kan fún òun. “Bí wọn kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀ wa, kí ni wọ́n ń dà láti ọjọ́ yìí?”

Awawou wo ọwọ́ rẹ̀ tó gbé sórí ẹsẹ̀. Gbémisọ́lá rí i. Kò tíì ro ohun tó máa sọ tẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀.

“Ẹ wá ọkọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ sí ibojì ìyá wa, kí ẹ kó ẹ̀kúnwọ́ tí Màmá Awawou dà sí i kúrò. Ẹ ṣáà yọ ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù, kí ẹ dá a padà fún un.”

 Jean-Baptiste wo ìyá àgbà náà.  Ó dìde, ó gbé àpótí kékeré kan, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Awawou, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀.

“Régis,” ló wí nígbà tó yá, “ẹ sún àga yín wá síbí. Èèyàn kì í jókòó jìnnà báyìí sí àna rẹ̀.”

Ariwo sọ. Ìgbákọ bọ́ lọ́wọ́ Priscille. Àwọn obìnrin Bessé dìde, wọ́n ń ké, wọ́n ń jó, ẹnì kan ti gbé orin, òmíràn sì ń gbè é. Nínú ariwo náà ni Awawou ti tẹ̀ sí etí Jean-Baptiste.

“Níwọ̀n bí a kì í ti í ṣe ẹ̀jẹ̀ kan, ṣé mo lè wá tọ́ òkété wò kí n tó kú?”

“Ká má rí i!” Jean-Baptiste fò sókè. “Èèwọ̀ ilé wa ni, Màmá!”

“Mo kàn ń bi ọ́ ni,” ni Awawou wí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé omi jáde lójú rẹ̀.

Wọ́n gún iyán. Ọbẹ̀ wà, wàgásì, wàrà Fúlàní tí wọ́n dín, wà nínú rẹ̀ bámú bámú. Gbémisọ́lá rí ìdí igi kan fi ẹ̀yìn tì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, Priscille sì gbé abọ́ tirẹ̀ wá fún un, ó kúnlẹ̀. Tàǹtí rẹ̀ fọwọ́ kàn án lórí, ó ní kó lọ fún àwọn àlejò lóúnjẹ.

Láti ibi tó jókòó sí, ó ń gbọ́ àwọn obìnrin lẹ́bàá odó. Moufidatou, aládùúgbò wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọjà, ó ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi gbà.

“Ìyá kan kọ́ ló bí wọn,” ni ẹnì kan dá a lóhùn.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Gbémisọ́lá ni.”

“Báwo ló ṣe mọ̀?”

“Gbémisọ́lá kẹ̀? Kò lè má mọ̀.”

“Òótọ́ ni,” ni Moufidatou wí, ó sì gba abọ́ tirẹ̀.

Gbémisọ́lá gbé orí sókè. Ó fẹ́ pè é, kó sọ fún un pé òun kò sí níbẹ̀, pé òun kò mọ nǹkan kan, pé òun kàn ń béèrè kiri láàárín eruku ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀. Ó wo òdìkejì àgbàlá. Awawou ti sùn lọ lórí àga, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Jean-Baptiste síbẹ̀. Bí ìyá yẹn bá lọ lónìí, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa rán ẹni tó bá ń béèrè lọ?

Iyán náà gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gé òkèlè kan, ó fẹ́ ẹ díẹ̀, ó jẹ ẹ́.

Wọ́n jẹun títí iyán fi kù sílẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n. Àwọn ará Bessé di oúnjẹ ti àwọn ọmọ wọn, Romuald gan-an gba abọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó gba ti ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn. Olúkúlùkù fi ikùn kíkún wá ọ̀nà ilé rẹ̀, wọ́n ń kí ara wọn láti ọ̀nà dé ọ̀nà, ohùn wọn sì ń jìnnà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde, oúnjẹ wà nínú ìkòkò. Ẹ jẹun kí ẹ yó dáadáa kí ẹ tó máa lọ.